Abẹ́rẹ́ Tí Mo Gbà Nítorí Alhaja

Ọ̀rọ̀ tí dókítà bá wa sọ lọ́jọ́ náà kò gùn. Ó ní oògùn tí àwọn fẹ́ máa fà sí ìyàwó mi lára yóò pa jẹjẹrẹ tó wà lọ́mú rẹ̀, ṣùgbọ́n yóò pa agbára tí ara fi ń bá àìsàn mìíràn jà pẹ̀lú. Fún bí oṣù mẹ́fà, ikọ́ tí ẹlòmíì máa fi omi gbígbóná àti ata lé lọ lè dá a dùbúlẹ̀ pátápátá. Ọdún Kòrónà nìyẹn. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, àwa àgbàlagbà ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń pè. Dókítà ní kí ẹnikẹ́ni tó bá máa gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀ lọ gbà á kí ìtọ́jú tó bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún sí i. Èmi ló ń wò bó ṣe ń sọ ọ́, nítorí èmi nìkan ni mo ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú rẹ̀.

Ìyàwó mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Èmi náà dúpẹ́. Ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀sì tó gbé wa padà sí Peckham, àyà mi ń já, kì í sì í ṣe nítorí jẹjẹrẹ nìkan. Nítorí awọ ara mi ni.

Alhaja ni mo máa ń pe ìyàwó mi, láti ọdún tí a jọ ti Mẹ́kà dé. Ọdún yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ awọ ara mi bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti gún wa lábẹ́rẹ́ kí a tó wọkọ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń gún gbogbo ẹni tó bá ń lọ. Nígbà tí a dé, tí oṣù bíi mẹ́rin kọjá, mo rí i pé ìgbọ̀nwọ́ mi méjèèjì ti nípọn, ó ń yún mi, ó sì ń ya bí ìpẹ́ ẹja. Láti ibẹ̀ ló ti gba apá, ó gba orúnkún, ó gba ẹ̀yìn, ó gun orí lọ. Psoriasis ni wọ́n ń pè é. Dókítà àkọ́kọ́ tó bá mi sọ ọ́ ṣàlàyé pé nínú ara olúkúlùkù ènìyàn, àwọn ọmọ ogun kan wà tó ń ṣọ́ ibodè. Ó ní tèmi ti gbàgbé ẹni tó ń jẹ́ ọ̀tá, wọ́n wá kọjú ìbọn sí onílé. Mo rẹ́rìn-ín. Abẹ́ ìjọba ológun ni mo ti dàgbà. Kò yà mí lẹ́nu pé ọmọ ogun lè yí padà sí ilé tó yẹ kó máa ṣọ́.

Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ti bá wọn gbé. Ìpara ni mo fi ń bẹ̀ wọ́n, nígbà tó yá mo ń lo oògùn kan lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, èyí tó ń rẹ agbára wọn sílẹ̀. Wọ́n dákẹ́, kì í ṣe pé wọ́n lọ. Alhaja ló ń bá mi fi ìpara pa ẹ̀yìn níbi tí ọwọ́ mi ò dé. Yàtọ̀ sí òun, àwọn ọmọ wa, àti àwọn dókítà, kò sí ẹni tó mọ̀. Níbi tí mo ti wá, bí awọ ènìyàn bá ṣe báyìí, àwọn èèyàn kì í béèrè orúkọ àìsàn. Wọ́n á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi àyè sílẹ̀ láàárín rẹ àti àwọn lórí ẹní. Nítorí náà, aṣọ alápá gígùn ni mo ń wọ̀, ẹ̀rùn ì báà jó. Ilé ni mo ti ń ṣe àlùwàlá kí n tó lọ kírun Jímọ́ọ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rí apá mi lẹ́nu omi ẹ̀rọ mọ́sálásí.

Ohun tó wá ń dẹ́rù bà mí ni pé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni pé kó jí àwọn ọmọ ogun ara dìde, kó kọ́ wọn ní ogun. Ẹni tí ọmọ ogun tirẹ̀ bá gbọ́n, ó dára fún un. Èmi tí tèmi ti ya wèrè ńkọ́? Ta ló ń fọn fèrè ogun sétí wèrè? Mo tún rántí abẹ́rẹ́ Mẹ́kà. Mo ti so ó mọ́ awọ ara mi lọ́kàn tipẹ́tipẹ́, mi ò sì tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, nítorí ojú ń tì mí. Mo kàwé. Ìbàdàn ni mo ti kà á, láyé tí wọ́n ṣì ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní ìdajì adìẹ lọ́jọ́ Sunday, tí òṣìṣẹ́ yunifásítì ń bá wa fọ aṣọ, tí a máa ń jókòó sábẹ́ igi lẹ́yìn oúnjẹ tí a ó máa fi gẹ̀ẹ́sì ńláńlá jiyàn lórí ohun tí a ò mọ̀. Olùkọ́ kan wà tó máa ń sọ fún wa pé àkùkọ kọ, oòrùn yọ, àkùkọ kọ́ ló fà á yọ. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi, mo gba máàkì lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wà nínú mi kò lọ sí yunifásítì.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, mi ò tíì ṣe nǹkan kan. Ọmọ wa obìnrin, èyí tó ń gbé ní Catford, pè mí lórí fóònù.

"Daddy, ṣé ẹ ti book abẹ́rẹ́ yẹn?"

"Mo ṣì ń rò ó."

"Ẹ ti ń rò ó láti last week. Mummy ò ní time fún kí ẹ máa rò ó."

"Ìwọ ni o ni awọ ara mi?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo kàn ń sọ pé tí ẹ ò bá ní gbà á, kò sí wàhálà. Ẹ máa kó wá sí ọ̀dọ̀ wa ní Catford, ẹ máa bá àwọn ọmọ ṣeré. Èmi ti gba tèmi níbi iṣẹ́, màá gba leave, màá wá dúró ti Mummy títí wọ́n á fi parí ìtọ́jú."

"Oṣù mẹ́fà?"

"Oṣù mẹ́fà, Daddy."

"Kí n lọ sùn ní Catford fún oṣù mẹ́fà, kí ìyàwó mi wà ní Peckham?"

Alhaja gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti ìdí ìkòkò. Ó ké sí fóònù pé, "Ẹ jẹ́ kí Daddy yín máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín o. Ẹ ṣáà rí i pé ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí ọbẹ̀ wọn, kí wọ́n má bàa sọ pé ẹ fẹ́ fi ebi pa wọ́n."

Àwọn méjèèjì fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo gbé fóònù sílẹ̀, Alhaja nu ọwọ́, ó wá jókòó síwájú mi, kò sì rẹ́rìn-ín mọ́.

"Bàbá, mi ò ní bẹ̀ yín," ló wí. "Èmi ni mo ń fi ìpara pa ẹ̀yìn yín, mo mọ ohun tó ń jẹ yín. Tí ara yín bá tún dàrú bí ti ọdún yẹn, ẹ ò ní lè wọ bàtà, ẹ ò ní lè kírun lórí eékún. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ẹ mọ nǹkan kan."

"Kí ni?"

"Wọ́n ní irun mi máa re. Wọ́n ní màá máa bì. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi máa rí mi bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin nìkan ni mi ò ní tijú fún."

Ó dìde padà sídìí ìkòkò rẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mò ń wo ọwọ́ mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo pe ẹ̀ka tó ń tọ́jú awọ ara ní ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀, obìnrin ará Ireland, tó mọ awọ mi bí àgbẹ̀ ṣe mọ ọ̀nà oko. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi dúró kó tó pè mí padà, nítorí àwọn náà ò rímú mí. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, àti ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ogun, àti ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ Mẹ́kà tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Kò fi mí ṣẹ̀sín. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ní ẹ̀rù tèmi yìí, ó sì bọ́gbọ́n mu kí ènìyàn béèrè. Ó ní kòkòrò tó wà láàyè kò sí nínú abẹ́rẹ́ yìí, kò sì lè fún mi ní Kòrónà. Oògùn tí mò ń lò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń rẹ àwọn ọmọ ogun mi sílẹ̀, nítorí náà èmi fúnra mi wà lára àwọn tí àìsàn náà lè bá fínra gidi. Kí n má ṣe fi ọwọ́ ara mi dá oògùn náà dúró.

"Ṣé ara mi ò ní dàrú?" ni mo bi í.

"Mi ò ní purọ́ fún yín," ló fèsì. "Ó lè yọ díẹ̀. Ti ẹlòmíì kì í yọ rárá. Bó bá yọ, ẹ pè mí, a ní ohun tí a máa fi sí i. Ṣùgbọ́n ohun tí Kòrónà bá ṣe fún yín tàbí fún ìyàwó yín, mi ò ní ìpara tí mo lè fi sí ìyẹn."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ títí ó fi ní kí n jẹ́ kí òun lọ pe ẹlòmíì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà mo jókòó sí ojú fèrèsé, mò ń wo Rye Lane, títì ọjà wa, lọ́ọ̀ọ́kán. Ó dákẹ́ lọ́dún náà bí ọjà tí kò ná. Àwọn tó ń ta iṣu àti panla ṣì ṣí, ṣùgbọ́n ṣe ni a ń tò síta pẹ̀lú ìbòmú lójú, ẹnì kan lẹ́yìn ẹnì kan, tí a jìnnà síra. Ọkàn mi lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wa, lọ́jọ́ tí àwọn tó ń bùpá wá. Kẹ̀kẹ́ ni wọ́n gùn wá, àwọn méjì, pẹ̀lú àpótí onígi. Àwọn ọmọkùnrin tó dàgbà jù wá lọ ti sá wọ inú oko kòkó. Èmi ò lè sá, nítorí ìyá mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé pẹ̀lú igbá gaàrí lórí, ó ń wò mí. Kò mọ̀wé kankan, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ṣànpọ̀nná ń ṣe. Baba kan wà ládùúgbò wa tí ṣànpọ̀nná ti fọ́ lójú láti kékeré. Abẹ́ igi ọsàn ló máa ń jókòó sí, tó ń hun apẹ̀rẹ̀. Nígbà tí egbò bùpá wa jinná, ó máa ń ní kí a wá, kí ó fi ìka wá àpá náà lápá wa. Bó bá ti rí i, á ní, "Ìwọ ti bọ́," á sì jẹ́ kí o lọ. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń wá a lára wa bẹ́ẹ̀. Mo ti lé ní àádọ́rin ọdún kí n tó mọ̀ pé inú rẹ̀ ń dùn fún wa ni. Nígbà náà, a rò pé eré ni.

Mo pe ọmọ mi ní Catford, mo ní kó bá mi gba ọjọ́.

Ọjọ́ tí wọ́n fún mi dára, ibi tí wọ́n fi sí ni kò dára. Mọ́sálásí wa ni wọ́n ń lò fún abẹ́rẹ́ ní àdúgbò wa, kí àwọn èèyàn wa lè wá láìbẹ̀rù. Èyí túmọ̀ sí pé ojú àwọn tí mo ti ń bá kírun láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ti máa ká apá aṣọ sókè. Mo ronú sí i. Níkẹyìn mo rí ọgbọ́n kan tí mo kà sí ọgbọ́n àgbà. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìwẹ̀, mo bu òrí, èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa láti ilé, mo fi pa apá òsì mi láti èjìká dé ìka. Mo tún pa á lẹ́ẹ̀kejì. Òrí máa ń jẹ́ kí ìpẹ́ náà lẹ̀ mọ́lẹ̀, kò ní hàn funfun. Mo tún rò pé abẹ́rẹ́ á rọra wọlé. Apá mi ń dán bí igi tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Alhaja rí mi ní ẹnu ọ̀nà, ó fa imú.

"Ṣé abẹ́rẹ́ ni ẹ ń lọ gbà ni, àbí ẹ ń lọ ja ẹkẹ?"

Mo wọ bàtà mi, mo jáde.

Inú gbọ̀ngàn tó wà lẹ́yìn mọ́sálásí ni wọ́n to àwọn àga àti tábìlì sí. Ọmọbìnrin kan ló gún mi, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbí, ìbòrí dúdú lórí, ohùn rẹ̀ jọ ti àwọn ọmọ Lewisham, ṣùgbọ́n ó ń gbìyànjú Yorùbá nítorí tèmi.

"Ẹ káàsán, Uncle. Ẹ jókòó, ẹ relax. Apá wo ni ẹ máa ń lò láti kọ̀wé?"

"Ọ̀tún."

"Okay, òsì la máa lò."

Mo ká apá aṣọ sókè. Ó di apá mi mú, ọwọ́ rẹ̀ yọ̀. Ó tún un dì mú, ó tún yọ̀. Ó wo ìbọ̀wọ́ rẹ̀, ó wò mí.

"Uncle, ṣé ẹ fẹ́ kí a dín apá yìí ni?"

Obìnrin tó wà ní tábìlì kejì bú sẹ́rìn-ín. Mo ní òrí lásán ni.

"Mo mọ̀ ọ́n, grandma mi máa ń fi pa wá. Ṣùgbọ́n mi ò lè rí ibi tí mo máa gún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú, mo fẹ́ nù ún."

Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti mú bébà méjì, ó nu apá mi láti òkè wálẹ̀. Bí òrí ṣe ń kúrò, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ibi tó nípọn ń yọ, funfun lórí dúdú, títí dé ìgbọ̀nwọ́. Mo wo ilẹ̀.

"Oh, psoriasis," ló wí, bí ẹni tó rí aládùúgbò. "Ṣé ẹ ń lo oògùn fún un?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo dárúkọ rẹ̀, ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ó fi ìka wá ibì kan tí awọ mi ṣì dán, ó kéré bí ọwọ́ ọmọdé. "Ibí dáa. Ibi tí kò sí rárá la máa gún." Mi ò mọ̀ pé ó ti gún un títí ó fi ní, "Ó ti tán."

Pílásítà tó fẹ́ lẹ̀ mọ́ ọn kò lẹ̀. Ó lẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó yọ̀ bọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, nítorí òrí ṣì wà níbẹ̀. Níkẹyìn ó fún mi ní òwú, ó ní kí n fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, kí n lọ jókòó fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí n má ṣubú lọ́nà. "And next time, Uncle," ló wí, "ẹ fi òrí yẹn sílé."

Báyìí ni mo ṣe lọ sí ibi àwọn àga tí wọ́n ń dúró sí, apá aṣọ mi ká sókè, ọ̀tún mi tẹ òwú mọ́ òsì, gbogbo apá mi hàn síta. Ẹni tí mo bá níbẹ̀ ni ọ̀rẹ́ mi kan ará Ìjẹ̀bú, tó ń ṣe iṣẹ́ bọ́ọ̀sì kó tó fẹ̀yìn tì. Ọ̀rẹ́ mi yìí, láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, òun ló ń fi ohùn oríṣiríṣi ránṣẹ́ sí wa lórí fóònù, pé ẹni tó bá gbà á, irin á máa lẹ̀ mọ́ ọn lára. Òun náà tẹ òwú mọ́ apá.

Mo wò ó. Ó wò mí.

"Kí lẹ wá ṣe níbí?" ni mo bi í.

"Ìyàwó mi ló mú mi wá," ló wí jẹ́jẹ́. "Ó wà níta. Ó ní òun ò ní lọ títí òun á fi rí i pé mo jókòó níbí."

"Irin tí ẹ ní ó máa lẹ̀ mọ́ wa lára ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ ká máa wò ó ná. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi, kò tíì gbéra."

Mo rẹ́rìn-ín títí òwú fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mo tẹ̀ ba láti mú un, ó rí apá mi.

"Kí ló ṣe yín lápá?"

Ká ní ọjọ́ mìíràn ni, mo lè sọ pé omi gbígbóná ló dà sí mi. Ṣùgbọ́n a jókòó síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kò sí ibi tí mo lè sá sí. Mo sọ fún un. Mo sọ orúkọ rẹ̀, mo sọ pé kì í ran ẹnikẹ́ni, mo sọ ọdún tó bẹ̀rẹ̀.

"Nítorí èyí lẹ ṣe máa ń ṣe àlùwàlá látilé?"

"Nítorí rẹ̀ ni."

"Sùbúhánà Lọ́ọ̀hì." Ó mi orí. "Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo ti ń bínú sí yín. Mo ní ọmọ yunifásítì yìí ò fẹ́ bá wa lo omi ẹ̀rọ kan náà. Mo ní ìgbéraga ìwé ni. Mo ti sọ ọ́ fún èèyàn méjì tàbí mẹ́ta pẹ̀lú."

"Ẹ tún ti ń sọ̀rọ̀ mi lẹ́yìn?"

"Mo sọ ọ́ dáadáa. Màá tún lọ sọ fún wọn pé kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Lẹ́yìn náà ló fa àga rẹ̀ tó fi mítà méjì jìnnà sí mi, ó fà á sún mọ́ mi díẹ̀, kí ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ wa tó ké mọ́ ọn pé kó dá a padà.

Ara mi gbóná lálẹ́ ọjọ́ náà, ó sì rọlẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ní ọjọ́ kẹwàá ni ohun tí mò ń bẹ̀rù dé. Ojú ibi tí abẹ́rẹ́ wọlé pọ́n, ó nípọn, ó sì di ojú psoriasis tuntun. Orúnkún mi méjèèjì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi bí ẹni tí kòkòrò ń jẹ. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló kù kí ìtọ́jú Alhaja bẹ̀rẹ̀. Mo pe nọ́ọ̀sì ará Ireland náà, ó sì pè mí padà lọ́jọ́ kan náà. Ó ní kí n ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ó wò ó, ó fi ìpara kan tó lágbára ju èyí tí mò ń lò lọ ránṣẹ́ sí ilé oògùn tó wà nísàlẹ̀ ilé wa. Alhaja ló fi pa á fún mi láàárọ̀ àti lálẹ́. Nígbà tí ọjọ́ ìtọ́jú rẹ̀ máa fi pé, orúnkún mi ti dákẹ́. Èyí tó wà lápá kò lọ tán, ó fẹ̀ tó kọ́bọ̀ ayé àtijọ́, ó sì wà níbẹ̀ títí di òní. Bí mo bá ní kí n ka ohun tí mo sanwó rẹ̀ nígbèésí ayé mi, òun ló kéré jù. Nígbà tí abẹ́rẹ́ kejì pé, mo lọ gbà á. Mi ò fi òrí sí i.

Mo wà pẹ̀lú Alhaja fún oṣù mẹ́fà náà. Mo gbé abọ́ tó ń bì sí. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀kọ, nítorí òun nìkan ni ikùn rẹ̀ ń gbà, gbogbo èyí tí mo sè lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ ló sì di kókó-kókó, síbẹ̀ ó mu ún. Ọmọ wa ń wá láti Catford, ó ń dúró sí ìsàlẹ̀, a ń bá a sọ̀rọ̀ láti ojú fèrèsé. Bí mo ṣe ń kọ èyí, Alhaja wà ní pálọ̀, ó ń bá tẹlifísàn jiyàn. Ọ̀pọ̀ èèyàn tí a jọ ń kírun ni kò rí òpin ọdún náà. Mi ò mọ ìdí tí Ọlọ́run fi dá a sí fún mi, mo kàn ń dúpẹ́.

Ọjọ́ kan wà tí mo máa ń rántí jù. Ó jẹ́ lẹ́yìn ìtọ́jú kejì. Irun rẹ̀ ti ń já wá sọ́wọ́ ní ìdìpọ̀ ìdìpọ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó gbé àga sójú fèrèsé ilé ìdáná níbi tí oòrùn wà, ó ta táwẹ́ẹ̀lì sọ́rùn, ó na sísọ́ọ̀sì sí mi.

"Ẹ gé gbogbo rẹ̀."

Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀. Irun náà ti funfun ju bí mo ṣe rò lọ. Lábẹ́ ìbòrí ló ti ń funfun tí mi ò mọ̀.

"Ẹ rọra o. Ẹ má gé mi létí."

"Ta ni mo gé létí rí?"

"Ẹ gé àkọ́bí yín létí, lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ ń lọ sílé-ìwé. Ẹ̀jẹ̀ kán sí yunifọ́ọ̀mù rẹ̀. Ẹ rò pé mo ti gbàgbé?"

"Ọmọ yẹn kò dúró jẹ́jẹ́ ni."

"Èmi ti dúró jẹ́jẹ́. Ẹ máa gé e."

Mo gé e. Mo rọra ṣe é, kò sì sọ pé kí n yára. Nígbà tí mo parí, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé orí, ó fi wọ́n yí i ká.

"Báwo ló ṣe rí?"

"O jọ ọmọ tuntun."

"Ọmọ tuntun wo ló ní ọrùn báyìí?" Ó rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ sì kún fún omi. "Ẹ wá jókòó tì mí."

Mo fa àga kejì. A jókòó sínú oòrùn. Ó gbé orí náà lé mi léjìká, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń mí. Fóònù dún lórí tábìlì. Ọmọ wa ni, láti Catford, ó fẹ́ rí ojú ìyá rẹ̀.

"Ẹ sọ fún un pé mò ń sùn," ni Alhaja wí.

Mo gbé fóònù sétí, mo sì sọ fún un pé ìyá rẹ̀ ń sùn.